Òkè Tí Naomi Fẹ́ Gùn

Ohun tí ọjà Ẹ̀fọ̀n kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Naomi, opó Akínwálé, fẹ́ lọ sórí òkè kan tó ga débi pé ibẹ̀ ni àwọn áńgẹ́lì tó bá ń ti ọ̀run bọ̀ ti máa ń yà sinmi, tí wọ́n á mu tíì kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá sílé ayé. Wọ́n ní ẹni tó bá gbàdúrà níbẹ̀ kò ní tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á bọ́ tààrà sínú ife áńgẹ́lì, áńgẹ́lì á sì gbé e mì. Ìyá Rùkáyàt tó ń ta ọṣẹ àti kẹrosíìnì ló sọ ọ́ fún oníbàárà kan láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ìròyìn náà ti gun ọ̀kadà dé Aramọkọ, ó ti jẹun ọ̀sán n'Ìjẹrò, ó sì ti ń bá wọn nájà n'Ìpótì. Nígbà tó máa fi padà dé Ẹ̀fọ̀n nírọ̀lẹ́, ó ti sanra. Àwọn áńgẹ́lì ti tó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, tíì wọn sì ti ní mílíìkì.

Ohun tó burú nínú irọ́ náà ni pé ìdajì rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Naomi ń lọ sórí òkè lóòótọ́. Òkè náà ga lóòótọ́: ìlú Gẹ́mbù ni, lórí ilẹ̀ gíga Màmbílà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, níbi tí òtútù ti ń mú ènìyàn lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n sì ń gbin ewé tíì lóko. Tíì wà níbẹ̀. Áńgẹ́lì nìkan ni kò sí nínú ètò.

Naomi, ìyá Tóbi, ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń tọ́jú yàrá àlejò ní ibi ìgbafẹ́ kan n'Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sàn pàdé ara wọn. Àràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ síbẹ̀. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọ balùwẹ̀, ó ń yọ irun orí àjèjì kúrò nínú ihò omi. Gbogbo ayé ló ń wá ki ẹsẹ̀ bọ omi náà. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ẹja, wọ́n á lọ. Naomi nìkan ni kì í lọ síbì kankan. Ibi tó jìnnà jù tó dé rí ni Àkúrẹ́, ìgbéyàwó ló sì bá lọ. Òjò sì rọ̀ títí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju inú gbọ̀ngàn lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń dé sí ibi ìgbafẹ́ náà lọ́dọọdún, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa gun òkè kiri. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Ìbàdàn ni wọ́n. Wọ́n á wọ bàtà tó tó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gbé báàgì pọ̀n bí ìgbín, wọ́n á wá sanwó kó lè rẹ̀ wọ́n. Olórí wọn ni Ayọ̀mikún, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í lè jókòó sójú kan. Lọ́dún yìí, àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká ni wọ́n lọ gùn. Ayọ̀mikún gbàgbé fóònù sí yàrá, Naomi sì mú un tọ̀ wọ́n lọ. Ìgbà tó máa fi bá wọn lókè, àwọn kan nínú wọn ti nà sórí àpáta bí aṣọ tí wọ́n sá. Naomi wọ sílípáàsì, kò sì mí hẹlẹ.

"Mọ́mì," ni Ayọ̀mikún wí, "ẹsẹ̀ ta lẹ yá wọ̀?"

"Ẹsẹ̀ tí mo fi ń roko kí wọ́n tó bí ẹ ni."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Gẹ́mbù lóṣù Kejìlá. A máa fẹsẹ̀ rìn láti abúlé kan dé èkejì lórí òkè. Ẹgbẹ́ á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Ẹ kàn ṣáà máa rìn níwájú, kí ojú lè máa ti àwọn ọ̀lẹ yìí."

Naomi rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí balùwẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, ó rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ti ń wá súẹ́tà.

Ó rí ẹ̀wù òtútù kan rà nínú òkìríkà l'Aramọkọ. Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ẹ̀wù náà ní láti jẹ́ ẹbí erin, nítorí nígbà tí Naomi wọ̀ ọ́, ẹni mìíràn ṣì lè yá apá òsì gbé. Ayọ̀mikún sì kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé kó máa gbé báàgì tó wúwo gun òkè láràárọ̀, kí èémí rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára, torí afẹ́fẹ́ òkè Màmbílà fẹ́lẹ́. Naomi di òkúta àti uṣu méjì sínú báàgì, ó gbé e pọ̀n, ó sì dojú kọ òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Níbòmíràn, tí obìnrin bá ń gbé báàgì gun òkè láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ní ó ń ṣe eré ìmárale. Ẹ̀fọ̀n kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gun òkè l'Ẹ̀fọ̀n, àfi kó ní oko lókè tàbí kó ní ẹ̀bẹ̀ lókè. Naomi kò lóko. Láti ayé àwọn ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lórí àwọn òkè yẹn, tí wọ́n ń gbé omi inú ìgò sọ̀ kalẹ̀ wá fún aláìsàn mu. Ọmọdé tó bá ti lè pe "àmín" mọ̀ pé tìtorí àdúrà ni Ọlọ́run ṣe da òkè. Nítorí náà, bí Naomi ṣe ń pọ́n òkè tó ń pe "Jésù, Jésù" nígbàkúùgbà tí orúnkún bá ta á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fa omi nísàlẹ̀ ń bá a dáhùn pé "Àmín."

Ó ku ẹnì kan tí Naomi ní láti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Láńre ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí, alàgbà nínú ìjọ. Ohùn bàbá yìí máa ń dún bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Naomi kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ fi ulé sílẹ̀," ni bàbá wí.

"Ìrìn àjò ráńpẹ́ ni, Bàbá Láńre."

"Sí ibo?"

"Òkè kan ni, sà. Ní Tàràbà."

Ojú bàbá tó ti le tẹ́lẹ̀ bá dẹ̀. "Òkè. Ìwọ àti ta ni?"

"Ẹgbẹ́ kan ni, sà."

"Ẹgbẹ́ àdúrà."

Bàbá kò bi í ní ìbéèrè. Ó ti dáhùn fún un. Naomi wo ilẹ̀. Tó bá ní rárá, ìrìn àjò náà kú síwájú àga yẹn: opó, ìyá àgbà lọ́la, tó fẹ́ bá àwọn ọmọ aláṣọ péńpé lọ wo òkè lásán. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti purọ́ fún alàgbà. Ó wá ohun kẹta ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Olúwa á gbọ́ tiwa níbẹ̀," ni bàbá wí, ó sì ju àyè náà sí i lọ́wọ́ bí ẹni ju egungun.

Ọjọ́ kejì ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Omi òkè ni kálukú fẹ́, wọ́n sì mú ohun tí Naomi máa fi bù ú bọ̀ wá. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀, ìgò epo wà níbẹ̀, fìlásì tí kò ní ìdérí wà níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò mú tirẹ̀ wá, àgbẹ̀ kòkó láti Ìpótì mú tiẹ̀ wá nítorí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́, awakọ̀ kan láti Ara sì gbé gálọ́ọ̀nù wá, ó ní inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òun lòun máa da tòun sí. Ìyá Rùkáyàt, ìyá ìròyìn fúnra rẹ̀, yí kẹ́ẹ̀gì ńlá kan bọ̀ bí ẹni yí àgbá.

"Màmá Tóbi, Mùsùlùmí ni mí, mi ò fi pamọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹ̀yìn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí."

"Ìyá Rùkáyàt, mi ò lọ gbàdúrà o. Mò ń lọ rìn ni."

Ìyá Rùkáyàt ṣẹ́jú sí i. "Mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa sọ fún wọn. Ayé ò dáa."

Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Bí Naomi ṣe ń sẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di wòlíì. Inú ilé kún débi pé ó ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó dé ibùsùn rẹ̀. Ó ṣì lè rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Kí ni ó kàn án tí omi òkè bá kan inú rádíétọ̀?

Lẹ́yìn náà ni Fúnkẹ́ wá.

Fúnkẹ́ ni onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ilé Naomi. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń jà. Ìgò kékeré ló mú wá, ìgò oògùn ikọ́, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò dápàárá. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì Ìyá Rùkáyàt, ó mú ọwọ́ Naomi, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọmú ọ̀tún rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́.

"Láti ìgbà wo?" Naomi bi í.

"Ó ti pẹ́. Mo lọ sí Adó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní ká gé e kúrò lọ́jọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ yìí. Ó ní tó bá pẹ́ sí i, ó lè tàn dé ibi tí ọ̀bẹ ò ní lè tẹ̀ lé e mọ́." Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ṣùgbọ́n o ti ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nítorí náà mi ò lọ mọ́. Mo máa dúró de omi tèmi."

Ara Naomi tutù ju Gẹ́mbù lọ. "Fúnkẹ́, gbọ́ mi. Ìrìn lásán ni. Kò sí àdúrà kankan níbẹ̀. Lọ sí Adó."

Fúnkẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀. "O gba ti awakọ̀ Ara. O gba ti Ìyá Rùkáyàt. Tèmi ni kò ní ráyè nínú ẹrù ẹ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo sọ?" Ó dìde. Ó gbé ìgò náà sórí fèrèsé, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. "Tí o bá fẹ́ bù ú, bù ú. Tí o ò bá fẹ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ṣáà ń dúró."

Naomi sáré tọ Pásítọ̀ Samson lọ. Ó bá a níbi tó ti ń tún máíkì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fóònù tí Ayọ̀mikún gbàgbé títí dé orí orúnkún. Pásítọ̀ fetí sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ìrẹ̀lẹ̀ yín wú mi lórí, Màmá Tóbi. Ẹni tó ní agbára gan-an kì í fẹ́ ká gbọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a máa pè yín síwájú, gbogbo ìjọ á sì gbé yín lé Olúwa lọ́wọ́."

"Pásítọ̀, tí ẹnì kan bá tìtorí mi kọ̀ láti lọ sílé ìwòsàn ńkọ́?"

"Ìgbàgbọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Ta ni èmi tí mo máa dí i lọ́wọ́?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú máíkì. "Ṣé ó ń dún?"

Ó ń dún.

Naomi pe Ayọ̀mikún. Àwọn kan ti pe Ayọ̀mikún ṣáájú rẹ̀ láti béèrè bóyá òun ni wòlíì obìnrin tó ni òkè. "Mọ́mì, ẹ má tíì sọ nǹkan kan," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín á dá yín dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ ká bọ̀ ná. Tí ẹ bá dé, ẹ ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Naomi gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri inú ilé, láàárín àwọn ìgò. Àbí kí ni ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́? Ó ti dúró fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó rí ibi tó ga. Ó ti di báàgì tán. Ó wọ ẹ̀wù òtútù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ooru Ẹ̀fọ̀n, òógùn bò ó, ó sì dùn mọ́ ọn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Fúnkẹ́ kọjá. Fúnkẹ́ ń dirun fún ìyàwó ọ̀ṣìngín kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń gbé sókè. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí gbogbo Ẹ̀fọ̀n ń tò dè lọ́dún Àjíǹde, ó gbé e lé ẹsẹ̀, kò sì lè gbé e kọjá àyà mọ́. Ó rí Naomi, ó mi orí sí i. Naomi náà mi orí, ó kọjá lọ, kò sì lè jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sọ́ńdè dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún bí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì. Àwọn ará Aramọkọ wà níbẹ̀, àwọn ará Ìjẹrò wà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ìgbín pàápàá kò gbẹ́yìn. Akọ̀wé ìjọ dìde pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀, ó sì kà á sétí ìjọ pé Ìyáàfin Akínwálé ń lọ sórí òkè gíga láti gbàdúrà fún gbogbo Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè rẹ̀. Pásítọ̀ ní kí Naomi jáde síwájú, kó kúnlẹ̀.

Naomi jáde. Kò kúnlẹ̀. Ó gba máíkì, ó kọjú sí ìjọ.

"Ẹ̀yin ará, mi ò lọ gbàdúrà."

"Àmín," ni ìjọ wí.

"Ẹ má ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mò ń lọ ṣe fàájì."

Àwọn kan ti la ẹnu láti ṣe àmín mìíràn. Ó bá dúró sí wọn lọ́nà ọ̀fun.

"Láti oṣù tó kọjá tí ẹ ti ń rí mi lórí òkè yẹn, mi ò gbàdúrà kan ṣoṣo níbẹ̀. Orúnkún ló ń dùn mí tí mo fi ń pariwo. Uṣu ló wà nínú báàgì mi. Àwọn tí mò ń bá lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ àdúrà. Wọ́n máa rìn, wọ́n máa jẹ ẹran sísun, wọ́n máa ya fọ́tò, wọ́n á sì jó tí ara wọn bá yá. Àdúrà oúnjẹ nìkan ni mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gbà, ìyẹn náà tí ebi ò bá pa wọ́n jù."

"Naomi," ni Bàbá Láńre wí látorí àga àwọn alàgbà, "jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ n parí ẹ. Ẹ̀yin lẹ pè é ní ẹgbẹ́ àdúrà, mo sì jẹ́ kí ẹ gbà á gbọ́, torí mo fẹ́ lọ. Ìyẹn lẹ̀bi tèmi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbí tí dókítà ti dá ọjọ́ fún, tó kọ̀ tí kò lọ, tó ní òun ń dúró de omi tí mo máa bù bọ̀. Mi ò ní pè é lórúkọ. Ó mọ ara ẹ̀. Omi tó wà níbẹ̀, omi tíì ni. Kò lè gé nǹkan kan kúrò lára ènìyàn."

 Láti ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Fúnkẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré: "Ṣé o ò ní gbàdúrà fún mi rárá ni?"

Àṣírí tí Naomi ń pa mọ́, ẹni tó ni ín ti tú u fúnra rẹ̀. Naomi wò ó láàárín gbogbo orí yẹn. "Mo ti ń gbà á fún ẹ láti ọjọ́ tí o ti gbé ìgò yẹn wá, nínú ọkọ̀, nídìí balùwẹ̀, níbi gbogbo. Mi ò nílò òkè fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Túsìdeè, èmi àtìẹ la jọ ń lọ sí Adó. Tí o bá sá, mo máa gbé ẹ pọ̀n. Ìwọ náà mọ̀ pé mo lè pọ̀n ẹ́."

"Ẹgbẹ́ ẹ á ti lọ," ni Fúnkẹ́ wí.

"Kí wọ́n máa lọ. Ọ̀nà Tàràbà kì í ṣe tiwọn nìkan. Tí wọ́n bá ti gbé ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí o ti lè bú mi dáadáa, mo máa bá wọn lọ́hùn-ún."

 Fúnkẹ́ jókòó, ó fi gèlè nu ojú, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Láńre ti dìde. Ó gba ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fi í ti ilẹ̀kùn kan pa. "Ìwọ obìnrin yìí, tí kì í bá ṣe àdúrà, kí lo wá ń lọ wá lórí òkè?"

Naomi kọjú sí i.  "Mo fẹ́ wò ó ni, sà. Gbogbo ènìyàn ló ń wá wo tiwa. Èmi náà fẹ́ lọ wo tẹlòmíràn."

Ó yíjú sí akọ̀wé, ẹni tó ṣì la ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ kọ 'àdúrà' sí yẹn, ẹ fa igi lé e. Ẹ kọ 'ìgbafẹ́' síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kó hàn, kó má baà sí ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi."